Ẹ Má Gba Ọ̀rọ̀ Ẹnu Huck Bẹ́ẹ̀: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nínú Kíka Ìtàn Ẹrú Amẹ́ríkà

Àṣìṣe tó ń ba Adventures of Huckleberry Finn jẹ́ mọ́ òǹkàwé lọ́wọ́ jù lọ ni kó rò pé ohun tí Huck, ọmọkùnrin inú rẹ̀, bá wí ni ìwé náà ń wí. Huck ló ń sọ ìtàn, Mark Twain, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, ló kọ ọ́. Ọmọ ọdún 13 tàbí 14 ni Huck. Ọ̀mùtí paraku ni bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ ti kú, ìlú tí wọ́n ti ń ta ènìyàn bí ẹní ta màlúù ló sì ti gbọ́njú. Nílé, ní ṣọ́ọ̀ṣì, lójú títì, ẹ̀kọ́ kan náà ni wọ́n ń kọ́ ọ: ohun ìní obìnrin kan tó ń jẹ́ Miss Watson ni Jim ẹrú rẹ̀, ẹni tó bá sì ran ẹrú lọ́wọ́ láti sá lọ, olè ni lójú ènìyàn, ẹlẹ́ṣẹ̀ ni lójú Ọlọ́run. Ọmọ náà gbà á gbọ́ tọkàntọkàn.

Ẹ wo orí 16, nígbà tí Huck àti Jim ti jọ ń sá lọ lórí odò Mississippi. Inú Jim ń dùn pé òmìnira ti sún mọ́lé. Ó ní bí òun bá dé ìpínlẹ̀ tí kò ti sí ẹrú, òun á ṣiṣẹ́, òun á tọ́jú owó, òun á ra ìyàwó òun, àwọn méjèèjì á sì jọ ṣiṣẹ́ títí wọn ó fi ra àwọn ọmọ wọn méjì. Bí olówó àwọn ọmọ náà bá kọ̀, òun á wá ẹni tí yóò jí wọn gbé fún òun. Ẹnu ya Huck. Ó ní ọmọ onílé-ọlọ́nà ni Jim fẹ́ jí yìí, ọmọ tó jẹ́ ohun ìní ọkùnrin kan tí òun ò mọ̀ rí, tí kò sì ṣẹ òun. Òǹkàwé tó bá ń bá Huck lọ láìronú á bínú sí Jim, tàbí kó bínú sí Twain. Ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ kà á lẹ́ẹ̀kan sí i: bàbá ni wọ́n ń pè lólè nítorí pé ó fẹ́ gba ọmọ tó bí. Twain kò dá sí i, kò ṣàlàyé. Àwa tí à ń kà á ló fi ìdájọ́ lé lọ́wọ́.

Irú àṣìyé kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ ní orí 31, níbi tí Huck ti kọ lẹ́tà láti fi Jim lé Miss Watson lọ́wọ́. Bó ṣe kọ ọ́ tán ni ara rẹ̀ fúyẹ́, ó ní ẹ̀ṣẹ̀ òun ti kúrò lọ́rùn òun. Lẹ́yìn náà ló wá ń rántí bí Jim ṣe máa ń ṣọ́ òru mọ́ tirẹ̀ kí òun lè sùn, bó ṣe ń tọ́jú òun lórí omi. Ó ya lẹ́tà náà, ó ní ó dáa, òun á kúkú lọ sí ọ̀run àpáàdì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á sọ pé ibẹ̀ ni Huck ti mọ̀ pé oko ẹrú kò dára. Rárá o. Kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó gbà pé ẹ̀ṣẹ̀ gidi ni òun ń dá, ó sì dá a nítorí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ọmọ tó bá di ohun tí àgbà kọ́ ọ mú ni à ń pè lọ́mọ tó gbẹ̀kọ́, ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kí ibí yìí dá wa dúró. Nínú ìwé yìí, ọmọ dàgbà ní ọjọ́ tó kẹ̀yìn sí ẹ̀kọ́ tí gbogbo ìlú fi tọ́ ọ. Ẹni tó bá pè é ní ìtàn àwọn ọmọ tó ń ṣeré lórí odò Mississippi kò tíì kà á.

Ní orí tó tẹ̀ lé e, orí 32, Huck dé ilé obìnrin kan tó ń jẹ́ Aunt Sally, ó purọ́ pé nǹkan bú gbàù nínú ọkọ̀ ojú omi. Obìnrin náà béèrè bóyá ẹnikẹ́ni fara pa. Huck ní rárá, ènìyàn dúdú kan ló kú. Obìnrin náà dúpẹ́, nítorí ènìyàn máa ń fara pa nígbà mìíràn. Àwọn kan máa ń já gbólóhùn yìí yọ láti fi hàn pé Twain kórìíra wa. Ẹ wo ẹni tó fi í sí lẹ́nu: onínúure, ìyá ọlọ́mọ, aya oníwàásù. Ohun tó fẹ́ kí a rí nìyẹn, pé ẹni rere ìlú náà ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Orúkọ èébú tí wọ́n fi ń pe ènìyàn dúdú fara hàn nínú ìwé náà ju ìgbà 200 lọ. Kí olùkọ́ má ṣe sọ pé kí àwọn ọmọ máa kà á sókè ní kíláàsì láìtíì bá wọn jókòó sọ̀rọ̀ lé e lórí.

Ẹ má ṣe da àkókò rú pẹ̀lú. Òfin ti fòpin sí oko ẹrú ní Amẹ́ríkà ní 1865. Ìwé náà jáde ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní December 1884, ó dé Amẹ́ríkà ní February 1885, ìtàn inú rẹ̀ sì ti lé ní 40 ọdún ṣáájú ìyẹn. Ìgbà èwe Twain fúnra rẹ̀ ni, ní Hannibal ní Missouri, nílé bàbá tó ní ẹrú. Kì í ṣe pé ó ń jà kí wọ́n fòpin sí oko ẹrú. Ó ń kọ̀wé nígbà tí Gúúsù ń gba ẹ̀tọ́ tí àwọn ẹrú tó ti dòmìnira ṣẹ̀ṣẹ̀ rí padà lọ́wọ́ wọn. Ní 1877 ìjọba àpapọ̀ yọwọ́ àwọn sójà rẹ̀ níbẹ̀, ní 1883 ilé ẹjọ́ gíga jù lọ sì fagi lé òfin ẹ̀tọ́ aráàlú ti 1875. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni fo ìparí ìwé náà. Ó gùn ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì ń bí mi nínú. Tom Sawyer, ọ̀rẹ́ Huck, mọ̀ pé Miss Watson ti kú, pé ó ti dá Jim sílẹ̀ nínú ìwé ogún rẹ̀, síbẹ̀ ó jẹ́ kí wọ́n máa so ọkùnrin náà mọ́lẹ̀ kí eré òun lè dùn. Ẹni tó ti dòmìnira ni wọ́n so mọ́lẹ̀! Ẹ fi ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ 1877 àti 1883.

Jim fúnra rẹ̀ ńkọ́? Àwọn òǹkàwé wa máa ń rò ó bí ẹni tí ọkọ̀ ẹrú gbé wá láti Áfíríkà. Amẹ́ríkà ti fòfin de kíkó ẹrú wọlé láti òkè òkun ní 1808. Òwò abẹ́lé ló kù, òun ló sì kó bíi mílíọ̀nù kan ènìyàn láti àwọn ìpínlẹ̀ òkè lọ sí oko òwú àti oko ìrèké ní ìsàlẹ̀ kí ogun abẹ́lé tó bẹ́ sílẹ̀. Jim sá nítorí pé ó gbọ́ tí Miss Watson ń sọ pé òun lè tà á sí New Orleans ní $800. Àwọn mìíràn sì ń kà á bí òmùgọ̀ tó kàn ń bẹ̀rù àǹjọ̀nú. Ní orí 15, Huck fi í ṣeré lẹ́yìn tí kùrukùru ti yà wọ́n nípa, Jim sì bá a wí débi tí ọmọ náà fi lọ tọrọ àforíjì. Ní orí 23, ó sọ bó ṣe gbá ọmọ rẹ̀ obìnrin létí nítorí pé kò dáhùn, láìmọ̀ pé àìsàn ti sọ ọ́ di adití. Ẹni tó bá ka ibẹ̀ tán kò ní pè é lómùgọ̀ mọ́.

Ti Uncle Tom yá. Orúkọ yìí ti di èébú fún aláwọ̀ dúdú tó ń wólẹ̀ fún òyìnbó. Ṣùgbọ́n Tom tí Harriet Beecher Stowe kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé Uncle Tom's Cabin ní 1852 kú sábẹ́ pàṣán nítorí pé ó kọ̀ láti sọ ibi tí obìnrin méjì sá pamọ́ sí. Àwọn eléré orí ìtàgé ló sọ ọ́ di ọ̀gbẹ́ni wólẹ̀-wólẹ̀. To Kill a Mockingbird, tí wọ́n sábà ń kà pọ̀ mọ́ wọn, kì í ṣe ìtàn ẹrú rárá. Alabama ní àwọn ọdún 1930 ni, lẹ́yìn bíi 70 ọdún tí oko ẹrú ti parí.

Àṣìṣe tó wá dùn mí jù ni kí ènìyàn dúró sórí ìwé tí òyìnbó kọ. A mọ bí Huck ṣe dàgbà. Ìwé náà kò sọ nǹkan kan nípa ìgbà èwe Jim. Percival Everett gbé ìtàn náà lé Jim lẹ́nu nínú James ní 2024, ṣùgbọ́n àwọn tó la ìyà náà kọjá ti kọ tiwọn tipẹ́. Frederick Douglass, ní 1845, sọ bí wọ́n ṣe ka ìwé léèwọ̀ fún un ní Baltimore, tó fi ń fún àwọn ọmọ òyìnbó tálákà ní búrẹ́dì kí wọ́n lè kọ́ ọ. Harriet Jacobs, ní 1861, sọ bó ṣe fara pamọ́ sábẹ́ òrùlé fún bíi ọdún méje, tó ń gbóhùn àwọn ọmọ rẹ̀ nísàlẹ̀, tí kò sì lè bá wọn sọ̀rọ̀.

Àti Kossola, ọmọ Yorùbá. Jagunjagun Dahomey ló mú un, bíi ọmọ ọdún 19, ọkọ̀ Clotilda sì jí òun àti nǹkan bí 110 ènìyàn gbé wọ Mobile ní Alabama ní 1860, ọdún 52 lẹ́yìn tí òfin ti dè é. Ó sọ ìtàn rẹ̀ fún òǹkọ̀wé Zora Neale Hurston. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2018 pẹ̀lú àkọlé Barracoon. Ìwé kékeré ni. Bí ẹ bá fẹ́ fún ọ̀dọ́ kan ní Huckleberry Finn, ẹ jẹ́ kó ka ti Kossola àti ti Douglass ná, kó lè mọ ohun tí Huck kò lè sọ fún un.