Bí mo ṣe fi páálí àti èèpo ẹ̀pà lé ẹ̀kan kúrò lẹ́yìnkùlé mi ní Kubwa

Ibi tí mo fẹ́ gbin ata àti tẹ̀tẹ̀ sí lẹ́yìnkùlé wa ní Kubwa, l'Abuja, ẹ̀kan ló gbà á kanlẹ̀. Abẹ́ ilẹ̀ ni agbára koríko yìí wà: gbòǹgbò funfun, oríkèé-oríkèé, tí ṣóńṣó rẹ̀ mú débi pé ó ń gún iṣu nínú ebè. Bí ọkọ́ bá gé e sí wẹ́wẹ́, èyí tó bá ní oríkèé lára á tún hù. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ro ó. Oòrùn ni mo fi dù ú, torí ẹ̀kan ò fẹ́ràn ìbòòji rárá.

Mo dúró de òjò, nítorí ikán ìhín kì í fi páálí sílẹ̀ lásìkò ọyẹ́. Mo fi àdá gé ẹ̀kan náà mọ́lẹ̀, mo bomi rin ilẹ̀, mo bọ́ gbogbo téèpù ara páálí, mo sì tẹ́ ẹ ní ìlọ́po méjì. Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an nìyí: etí ọ̀kan gbọ́dọ̀ gun èkejì tó ìbú àtẹ́lẹwọ́, ó kéré tán. Àlàfo tí ìka kan lè wọ̀ ti tó ẹ̀kan láti yọjú. Mo tún bomi sí i títí ó fi rọ̀ tó sì lẹ̀ mọ́lẹ̀.

Bàbá Ọ̀fà, aládùúgbò wa, yọjú lórí ògiri. "Ọmọ mi, ebè iṣu là ń dé o, a kì í dé ẹ̀kan."

"Ẹ jẹ́ ká wò ó ná, Bàbá."

Èèpo ẹ̀pà láti ọ̀dọ̀ àwọn ìyá oníkúlíkúlí ni mo dà lé e, ó nípọn tó ìnṣì 4. Lẹ́búlẹ́bú pákó náà dáa, kó ṣáà má pò mọ́ iyẹ̀pẹ̀, torí á gba nitrogen, oúnjẹ inú ilẹ̀ tó ń mú ewé tutù, mọ́ ọ̀gbìn lọ́wọ́, ewé á sì máa pọ́n. Mo gbẹ́ kòtò tóóró yíká kí ti ìta má baà wọlé. Èyí tó bá gún páálí yọ, mo fọwọ́ tọ gbòǹgbò rẹ̀ lọ, mo fà á jẹ́jẹ́.

Nígbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀, mo ṣí igun kan wò. Páálí ti jẹrà, ekòló ń rìn lábẹ́ rẹ̀. Gbòǹgbò funfun yẹn ti dúdú. Mo tẹ̀ ẹ́, ó fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Inú mi dùn gan-an! Ata ló wà níbẹ̀ báyìí, mo sì ń fa èèpo ẹ̀pà sẹ́yìn díẹ̀ kó má baà jẹ́ kí ìdí rẹ̀ rà. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ló kù tó ṣì ń yọ. Mo ti ń kó páálí jọ fún un.