Bí a ṣe ń mú akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀ ní kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì, kó sì ronú sí ohun tó ń sọ

Ọ̀kun o, ẹ̀yin tíṣà wa ní Kàbà, Ìsánlú, Mọ̀pà àti Ẹ̀gbẹ̀. Ọmọ tí ẹnu rẹ̀ ń já wàràwàrà ní pápá, tó wá di odi ní kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì, ẹ má pè é ní olódo. Ní 1998, olùwádìí kan tó ń jẹ́ MacIntyre àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ to ohun tó ń mú èèyàn fẹ́ fi èdè kejì sọ̀rọ̀ sí ìpele mẹ́fà. Mímọ èdè kàn jẹ́ ara rẹ̀ ni. Ìgboyà wà níbẹ̀, ẹni tó ń gbọ́ni náà wà níbẹ̀.

Ẹ wá ìbéèrè tí ìdáhùn rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Ẹ fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ sójú pátákó: ṣé ká ta iṣu lójú oko, àbí ká gbé e lọ sọ́jà Kàbà? Owó ọkọ̀ wà ńbẹ̀, alágbàtà wà ńbẹ̀, iṣu tó ń jẹrà náà wà ńbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìnyín òyìnbó tó wà nínú ìwé, ẹ fi í sílẹ̀ ná.

Lẹ́yìn náà, ẹ dákẹ́. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ tíṣà ti ń ba iṣẹ́ jẹ́. Ní Amẹ́ríkà, ní nǹkan bí 1970 sókè, olùwádìí kan tó ń jẹ́ Mary Budd Rowe rí i pé tíṣà kì í sábà dúró ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ lẹ́yìn ìbéèrè. Nígbà tí wọ́n dúró tó àáyá 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀, ìdáhùn gùn sí i, àwọn tí kì í sọ̀rọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Kíláàsì sáyẹ́ǹsì nìyẹn o. Ọmọ tó ń fi Ọ̀kun, èdè ilé wa, ronú, tó tún ń ṣa ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì jọ, nílò jù bẹ́ẹ̀. Ẹ ka ení dé ẹ̀wá nínú yín. Ẹ má tún ìbéèrè náà béèrè, ẹ má sọ pé "ṣé ẹ ò gbọ́ ni?", ẹ má sì pe ọmọ tó máa ń kọ́kọ́ nawọ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn á ni yín lára. Ẹ fara dà á.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi Ọ̀kun bá ẹnìkejì wọn sọ ọ́ fún ìṣẹ́jú méjì kí Gẹ̀ẹ́sì tó wọlé. Níbi tí wọ́n bá ti ń gba owó ìtanràn nítorí fanákúlà, ẹ lọ bá ọ̀gá ilé ìwé sọ̀rọ̀, torí owó yẹn ló ń pa ọmọ lẹ́nu mọ́.

Ẹ gé páálí Indomie sí wẹ́wẹ́, méjì fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ á dá ẹyọ kan padà. Tí tiẹ̀ bá tán, ó di kó gbọ́ tàwọn yòókù. Kò sídìí láti ra káàdì.

Tí ọmọ bá wá dìde pé "My father sell yam for farm", ẹ má já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá ti pariwo "sells!", ó jókòó nìyẹn, ìdí tó fẹ́ sọ sì ti dànù. Ẹ bi í pé: kí ló dé tí kò gbé e lọ sọ́jà? Ta ló ń jèrè? Tó bá ti ṣàlàyé tán, ẹ ní kó sọ ohun tí alágbàtà náà máa sọ. Èmi kì í fo ìyẹn láé, torí ibẹ̀ ni ọmọ ti ń yẹ èrò ara rẹ̀ wò.

Àṣìṣe mẹ́ta tó pọ̀ jù, ẹ kọ wọ́n sójú pátákó lẹ́yìn tí gbogbo wọn bá sọ̀rọ̀ tán, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni.