Ẹ sọ ìrìn àjò Oṣù Kejìlá yín kí ẹ tó buwọ́ lùwé

Ẹ̀yin ará wa ní Ìlú Ọba, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni tó bá ti ra tíkẹ́ẹ̀tì Èkó sílẹ̀, tí iṣẹ́ tuntun wá yọjú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi pa mọ́. Mo dákẹ́ nígbà kan, mo ní wọ́n á gbà tó bá yá. Owó tíkẹ́ẹ̀tì yẹn wọgbó.

Kò pọn dandan kí ẹ sọ ọ́ níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ẹ dúró kí wọ́n ní àwọn fẹ́ gbà yín, kí ẹ wá sọ ọ́ kí ẹ tó buwọ́ lùwé.

Ibi tó ti máa ń dojú rú rèé: ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀ ní ìsinmi ọjọ́ 28 lọ́dún, ó kéré tán. Àmọ́ lọ́dún àkọ́kọ́, wọ́n lè pín in sí ọ̀nà 12, kí ẹ máa rí ìdá kan lóṣooṣù. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kẹwàá, ọjọ́ 7 péré ló máa ní nínú Oṣù Kejìlá, wọ́n sì lè ka ọjọ́ Kérésì mọ́ ọn! Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ẹ fẹ́ lò nílé ńkọ́? Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ lo ìyókù láìgbowó, tàbí kí ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Oṣù Kìíní.

Kí wọ́n fi ímeèlì dáhùn o. Ọ̀gá tó fẹnu lásán gbà lè ti kúrò níbẹ̀ kó tó dìgbà náà.