Bí Mo Ṣe Tú Ọ̀bẹ Onísípírìn Mi Tó Ń Lọ́ra

Ọ̀bẹ yìí, bí a bá tẹ bọ́tìnnì ara èèkù rẹ̀, fúnra rẹ̀ ló ń ṣí. Ó wà lára àwọn tí mo kó jọ sílé mi l'Adó-Èkìtì, n kì í mú wọn jáde. Lẹ́yìn ọyẹ́ ló bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ra: irin rẹ̀ á yọ dé ìdajì, á sì dúró. Wọ́n ní sípírìn rẹ̀ ti kú. N kò gbà, ni mo bá tú u.

Mo kọ́kọ́ jẹ́ kó ṣí tán. Nígbà tó bá wà ní pípadé ni sípírìn ká agbára jọ jù. Ẹni tó bá tú u bẹ́ẹ̀, ó lè ta sí i lójú. Nọ́ọ̀tì rẹ̀ kéékèèké, olójú ìràwọ̀ ni. Lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe l'Òkè-Yinmi ni mo ti yá sukurudiráfà T6, èyí tó bá a mu.

Eruku ti pò mọ́ epo nídìí irin, ó ki, ó dúdú. Sípírìn rèé, ó ká roboto, ẹsẹ̀ kan wọ ihò ara irin, ìkejì wọ ti èèkù. Kò dógùn-ún rárá. Mo gbé e lọ fún àbúrò bàbá mi, alágbẹ̀dẹ ní Ìrè-Èkìtì, ìlú Ògún. Wọ́n fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó padà sípò. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, èyí ò tíì kú. Àwọn tó ṣe é mú un pọ́n nínú iná, wọ́n rì í kó tutù, wọ́n tún wá yá a níná díẹ̀ kó má baà ṣẹ́." (Ọ̀bẹ ìlú Maniago ní Ítálì tí mo ní, pẹlẹbẹ ni sípírìn rẹ̀, ìṣó ni wọ́n fi kan ọ̀bẹ náà pọ̀. N kò ní dán títú irú ìyẹn wò.)

Bọ́tìnnì ni iṣẹ́ ọwọ́ gidi wà. Ibì kan sanra lára rẹ̀, ibì kan tín-ín-rín. Ibi tó sanra ló há sínú ihò kékeré ìdí irin tí ọ̀bẹ fi ń pa dé. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, ibi tín-ín-rín bọ́ síbẹ̀, irin ráyè kọjá. Bó bá ṣí tán, bọ́tìnnì á ta padà sókè, á há sínú ihò mìíràn, ó tì í pa nìyẹn. Àwọn èèyàn máa ń yin ariwo àti ìyára ṣíṣí rẹ̀. Èmi á di irin mú, màá mì í sọ́tùn-ún sósì. Èyí tó bá ń mì, n kì í rà á.

Kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ni mo fi fọ̀ ọ́. Nígbà tó gbẹ, mo kán epo ẹ̀rọ ìránṣọ sí ìdí irin, ẹ̀kán kan péré, torí àpọ̀jù epo ló ń pe eruku. Mo tò ó padà, ó wá ku nọ́ọ̀tì àárín tí irin ń yí lórí rẹ̀. Bó bá le jù, irin á lọ́ra. Bó bá dẹ̀ jù, á máa mì. Díẹ̀díẹ̀ ni mo ń yí i, tí mo ń tẹ bọ́tìnnì wò, títí irin fi yọ tán lẹ́ẹ̀kan náà, tí kò sì mì rárá.