Wọ́n mú èèyàn yín lórí ẹ̀sùn ńlá? Ẹ gbọ́ bẹ́ẹ ṣe máa ṣe é

Ẹ̀yin ará Kétu, Ṣábẹ àti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní ilẹ̀ Benin, tí wọ́n bá ní wọ́n ti mú ọmọ yín lórí ọ̀rọ̀ ìpànìyàn tàbí olè tó gbébọn, ohun táwọn èèyàn wa kọ́kọ́ máa ń wá ni ẹni tó mọ adájọ́. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ jàre. Avoká, ìyẹn agbẹjọ́rò, gan-an ni kẹ́ẹ fowó yẹn wá, kì í ṣe bàbá kan tó ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹjọ́.

Lọ́jọ́ tí wọ́n mú un yẹn, ẹ kọ wákàtí sílẹ̀, kódà kó jẹ́ ẹ̀yìn káyé ọmọ ilé ìwé lẹ máa kọ ọ́ sí. Òfin ìpilẹ̀ Benin ti 1990 sọ pé wọn ò gbọdọ̀ há èèyàn mọ́ ju wákàtí 48 lọ láìmú un dé iwájú adájọ́, tí wọ́n bá tiẹ̀ fi kún un, kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ 8. Ọmọ yín lẹ́tọ̀ọ́ sí avoká ní komisaríà (àgọ́ ọlọ́pàá) níbẹ̀, ó lẹ́tọ̀ọ́ sí dókítà pẹ̀lú, torí náà tí wọ́n bá lù ú, kó sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, kí dókítà rí ojú ọgbẹ́ kó tó jinná.

Ọ̀rọ̀ PV, ìyẹn ìwé tí ọlọ́pàá ń kọ ohun tó bá sọ sí, wá ni olórí. Faransé ni wọ́n fi ń kọ ọ́, ọmọ yín sì lè má gbọ́ ju nàgó (Yorùbá tiwa) lọ, kó ní kí ògbufọ̀ kà á fún un látòkè dé ìsàlẹ̀, èyí tó bá ṣì wà ńbẹ̀ kí wọ́n tún un ṣe, kó tó fọwọ́ sí i. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ti ń bàjẹ́, kì í ṣe lọ́jọ́ tí wọ́n dájọ́.

Ẹ fún avoká ní gbogbo ẹ̀rí tẹ́ẹ ní: mẹ́sẹ́ẹ̀jì MoMo (owó orí fóònù) tó ní déètì, nọ́ńbà ọlọ́kadà tó gbé e lálẹ́ ọjọ́ yẹn, orúkọ ẹni tí wọ́n jọ jẹun. Ṣùgbọ́n ẹ má lọ kọ́ ẹlẹ́rìí ní ohun tó máa sọ o! Tẹ́ẹ bá sì fẹ́ bẹ ẹbí ẹni tí wọ́n ṣe níbi, ẹ jẹ́ kí avoká mọ̀ sí i. Tí ò bá sówó, ilé ẹjọ́ gbọ́dọ̀ yan avoká fún un nínú ẹjọ́ crime (ẹ̀sùn ńlá), àmọ́ ẹ tètè lọ bá a, torí fáìlì lè dé ọwọ́ rẹ̀ pẹ́.

Ìjìyà ńkọ́? Òfin ọ̀daràn ti 2018 ti yọ ikú kúrò, ẹ̀wọ̀n gbére ló le jù. Ẹ mú ohun tó lè dín in kù wá: casier (ìwé tó ń fi hàn bóyá wọ́n ti dá èèyàn lẹ́bi rí) tó mọ́, ìwé ọ̀gá ibi iṣẹ́, ìwé ìbí àwọn ọmọ, ìwé àìsàn.

Látijọ́, tí assises, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ crime nígbà yẹn, bá dá ẹjọ́, kò sí kòtẹ́milọ́rùn, cassation nìkan ló kù, ìyẹn ká gbé e lọ sí Cour suprême, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ. Látọdún 2018 ó ti yàtọ̀, tribunal (ilé ẹjọ́ àkọ́kọ́) ló ń gbọ́ ẹjọ́ crime báyìí, èèyàn sì lè pè é sí cour d'appel, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. CRIET ti Àjàṣẹ́, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ìwà ọ̀daràn ètò ọrọ̀ ajé àti ìpániláyà, náà ti ní yàrá kòtẹ́milọ́rùn tirẹ̀ láti 2020. Ọjọ́ tí wọ́n fi sílẹ̀ fún pípè kò pọ̀, ọjọ́ ìdájọ́ gan-an ni kẹ́ẹ ti béèrè lọ́wọ́ avoká, kẹ́ẹ sì bi í bóyá procureur (agbẹjọ́rò ìjọba) náà ti pè, torí tó bá pè, ọdún ẹ̀wọ̀n lè gùn sí i. Cour suprême tó wà ní Àjàṣẹ́ kì í tún gbọ́ ẹlẹ́rìí, bóyá wọ́n tẹ̀ lé òfin ló ń wò. Ẹ gba ẹ̀dà ìwé tí wọ́n kọ ọ́ sí ní greffe (ọ́fíìsì akọ̀wé ilé ẹjọ́) pé ẹ ti pè.