Bí a ṣe ń gé àwòrán Àkàbà Ìdènà fún eré orí kọ̀ǹpútà

Bí ẹ bá fẹ́ fi Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin, sínú eré orí kọ̀ǹpútà, ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà fọ́tò náà, kí ojúlówó má baà bàjẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ gé etí rẹ̀ títí yóò fi ku ẹnubodè nìkan, ẹ pa ojú ọ̀run tó wà lẹ́yìn rẹ̀ rẹ́, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ sínú fáìlì PNG, irú fáìlì àwòrán tó lè fi ibi tí a pa rẹ́ sílẹ̀ láìní àwọ̀, nítorí pé JPEG, irú fáìlì àwòrán mìíràn, yóò fi àwọ̀ dí gbogbo ibi tí ẹ ti pa rẹ́. Ìwọ̀n 512 tàbí 1024 píksẹ́lì (àwọn ẹyọ àmì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán) ló dára jù lójú tèmi. Ẹ má ṣe fẹ fọ́tò kékeré láti dé ibẹ̀; ògiri amọ̀ ẹlẹ́wà náà yóò di bàìbàì.