Orin Sítẹ́rẹ́ò Tí A Sọ Di 5.1: Ìbéèrè Nípa Ohùn Tó Ṣáko

Ìbéèrè: Ẹ ǹlẹ́ o. Mo fi FFmpeg (ètò kọ̀ǹpútà tó ń yí fáìlì ohùn padà) sọ orin sítẹ́rẹ́ò kan, ìyẹn oníṣánẹ́ẹ̀lì méjì, di 5.1 (sípíkà márùn-ún àti ti báàsì kan). Ṣánẹ́ẹ̀lì mẹ́fà ló wà nínú fáìlì náà lóòótọ́, àmọ́ sípíkà méjì iwájú nìkan ló ń dún. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Ó jọ pé àṣẹ -ac 6 lẹ lò. Ìyẹn kàn ń ṣí àyè sílẹ̀ fún ṣánẹ́ẹ̀lì mẹ́rin sí i ni, kì í fi ohùn kankan sínú wọn. Èyí tó ń pín ohùn gan-an nìyí:

ffmpeg -i orin.flac -af "surround=chl_out=5.1" orin51.flac

Ẹ má tọ́jú rẹ̀ sí MP3, torí MP3 tí gbogbo ayé ń lò kò gbà ju ṣánẹ́ẹ̀lì méjì lọ. Tó bá ṣì jẹ́ iwájú nìkan ló ń dún, ẹ wo wáyà. Wáyà optical (èyí tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé ohùn) kò lè gbé ju ṣánẹ́ẹ̀lì méjì lọ bí a kò bá kọ́kọ́ fún ohùn náà pọ̀ sí AC-3 tàbí DTS. HDMI lè gbé mẹ́jọ. Ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò pé 5.1 lẹ yàn fún sípíkà nínú sẹ́tíńgì kọ̀ǹpútà yín.

Ìbéèrè: Ní tèmi, ẹ̀yìn ni ohùn olórin ti ń wá, ó sì ń dún bí ẹni tó wà nínú omi.

Ìdáhùn: Ìṣòro méjì nìyẹn, ibi kan náà ni wọ́n sì ti wá. Sọ́fítíwíà kò mọ ìlù yàtọ̀ sí gìtá. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún wé ọwọ́ òsì. Ohun tó bá rí bákan náà nínú méjèèjì, àárín ló máa gbé e sí. Èyí tó bá yàtọ̀, ẹ̀yìn ló ń lọ. Olórin sábà máa ń wà bákan náà ní ọ̀tún àti òsì, nítorí náà àárín ló yẹ kó wà. Tó bá bọ́ sẹ́yìn, ó ṣeé ṣe kí ìgbì ọwọ́ kan ti dorí kodò. Ẹ ṣí orin náà nínú Audacity (ètò àtúnṣe ohùn), kí ẹ sọ ọ́ di mono (ṣánẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo). Bí ohùn olórin bá pòórá, ọwọ́ ti tẹ ọ̀daràn! Ẹ padà sí sítẹ́rẹ́ò, ẹ pín in sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ wá lo Invert (tó ń dorí ìgbì kodò) fún ọwọ́ kan péré.

Ti inú omi yẹn, MP3 tí wọ́n fún pọ̀ jù ló ń fà á. Nínú sítẹ́rẹ́ò, ohùn tó wà láàárín máa ń bo àbùkù rẹ̀ mọ́lẹ̀. Tí a bá ti yọ àárín kúrò, ìhòòhò ló kù sí. Sísọ MP3 náà di FLAC (irú fáìlì tí kì í pàdánù ohùn kankan) kò lè tún un ṣe. Ẹ lọ wá CD rẹ̀ tàbí FLAC tó ti ibẹ̀ wá.

Ìbéèrè: Sípíkà ọ̀tún iwájú ló gbé ohùn olórin tèmi, kì í ṣe ẹ̀yìn.

Ìdáhùn: Ètò ṣánẹ́ẹ̀lì ló yí. Bí WAV àti FLAC ṣe ń tò ó nìyí: òsì, ọ̀tún, àárín, LFE (ṣánẹ́ẹ̀lì báàsì), ẹ̀yìn òsì, ẹ̀yìn ọ̀tún. Ètò ti fíìmù máa ń fi àárín sí ipò kejì, nítorí náà àárín á bọ́ sí ọ̀tún. Ẹ tún un tò.

Ìbéèrè: Báàsì ń kùn jù. Kí ni mo máa dín?

Ìdáhùn: Ẹ pa LFE rẹ́ pátápátá, ohun tí èmi máa ń gba àwọn èèyàn nímọ̀ràn nìyẹn tó bá jẹ́ orin. Ẹ̀rọ 5.1 máa ń gbé LFE sókè ní 10 dB (dB ni òṣùwọ̀n bí ohùn ṣe pariwo tó), bẹ́ẹ̀ sì ni ó tún ń kó báàsì tó wà nísàlẹ̀ 80 Hz láti ara àwọn sípíkà kéékèèké lọ sí subwoofer (sípíkà báàsì). Tí ẹ bá tún da báàsì sínú LFE, ẹ̀ẹ̀mejì ni yóò dún.

Ìbéèrè: Báwo ló ṣe yẹ kí ẹ̀yìn pariwo tó?

Ìdáhùn: Ẹ fi 3 sí 6 dB dín in kù sí ti iwájú, kí ẹ sì jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ kó tó dún, bíi 15 ms (ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá ni ms). Etí máa ń tẹ̀ lé ohùn tó bá kọ́kọ́ dé. Olórin á dúró síwájú yín, ìró yàrá á sì yí yín ká.